Gba káàdì ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n má gba ipò akọ̀wé wọ́ọ̀dù

Àbúrò mi, o ní o wà ní ìpele kẹjọ ní káńsù, pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín fẹ́ fi ọ́ ṣe akọ̀wé torí pé o mọ̀wé, ọwọ́ rẹ sì mọ́. O wá ń béèrè bóyá kí o gbà. Èmi náà ti ṣe òṣìṣẹ́ káńsù, mo sì bá wọn jókòó ní ìpàdé wọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti du ipò káńsílọ̀. Wà nínú ẹgbẹ́, má gba ipò yẹn.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ní káàdì. Apá 40 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá wù ọ́. INEC fìgbà kan ṣe ìlànà pé kí àwọn ẹgbẹ́ má gba òṣìṣẹ́ ìjọba wọlé. Balarabe Musa àti àwọn mìíràn pè wọ́n lẹ́jọ́, ní ọdún 2003 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ní ìlànà náà tako Òfin Ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà iṣẹ́ ọba ṣì ka kíkó sínú òṣèlú ẹgbẹ́ mọ́ ìwà àìtọ́ tó wúwo, èyí tí wọ́n lè torí ẹ̀ lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Àárín méjèèjì ni ìwọ wà. Kúẹ́rì tí wọ́n bá torí káàdì inú àpò rẹ kọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ bí orúkọ rẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, o ti bá ẹni tó ń wá ọ̀nà láti mú ọ kọ ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ káńsù yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ ni o máa bá ní ìpàdé ẹgbẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ ló gbé alága tí o ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹgbẹ́ gómìnà ló sì sábà máa ń kó gbogbo ipò nínú ìdìbò káńsù. Gómìnà yí padà, káńsù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yí tán nìyẹn. Wo Ọ̀ṣun: wọ́n dìbò káńsù ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, kóòtù wọ́gi lé e, ẹjọ́ ń lọ ó ń bọ̀, títí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2025 lórí ẹni tó ni sẹkitéríàtì. Ẹ̀mí ṣòfò. NULGE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé. Ẹni tí kò dá sí òṣèlú rárá kò lè wọ ọ́fíìsì, mélòó mélòó ẹni tí ìhà méjèèjì mọ̀ sí akọ̀wé wọ́ọ̀dù.

Ọ̀rẹ́ mi kan, a jọ wọṣẹ́ ni, òun ni akápò wọ́ọ̀dù wọn. Nígbà tí ìjọba yí padà, kò sẹ́ni tó dárúkọ òṣèlú fún un. Wọ́n kàn ní ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kúẹ́rì kan, òmíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà tíránsífà sí ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò òṣìṣẹ́, orúkọ rẹ̀ kò jáde, ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń sáré kiri láìgba owó. Àwọn àgbà tó ń bá kówó pamọ́ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, torí òṣìṣẹ́ gidi ni.

Tèmi gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ẹ̀ka ìdàgbàsókè agbègbè ni mo wà, orúkọ àwọn ìyálọ́jà àti àwọn alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Ìdìbò ku díẹ̀, olórí kan ní kí n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ní rárá, ohun ọ́fíìsì ni. Ó pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo ìpàdé, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún pè mí sí nǹkan kan. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ kejì dé, tí wọ́n ń tú fáìlì wò, wọn ò rí ohun tí wọ́n lè fi mú mi. Tí mo bá jẹ́ akọ̀wé wọn ni, olórí yẹn kò ní béèrè. Á kàn retí rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ sì pọ̀ tí o lè ṣe láìní ipò. Ní wọ́ọ̀dù wa, gbogbo èèyàn gbà pé alága ló ń kó owó Àbújá jẹ. Èmi ló ń ṣàlàyé fún wọn pé inú àkáǹtì àjọni tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni owó náà ń wọ̀, pé wọ́n á ti yọ owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì kí ó tó kan káńsù. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, èmi ni wọ́n ní kí n wá là á yé wọn. Àwọn ìyá tó jẹ́ pé owó ìpàdé nìkan ni wọ́n máa ń béèrè tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún ọ̀nà ọjà wọn. Ohun tó ti wà ní gbangba ni mo ń sọ fún wọn o, kì í ṣe ohun inú fáìlì.

Bí ìwọ fúnra rẹ bá fẹ́ du ipò lọ́jọ́ iwájú, fiṣẹ́ sílẹ̀ ní tòótọ́. Fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, apá 107 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 30 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò, apá 318 sì ka òṣìṣẹ́ káńsù mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ti káńsílọ̀, ka òfin ìpínlẹ̀ rẹ. Jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà lẹ́tà tí o máa mú lọ sílé, torí ọjọ́ tí ọ́fíìsì gbà á ni kóòtù ń wò. Ẹ̀dà yẹn ni mo fà yọ nígbà tí alátakò mi ní mo ṣì ń gba owó oṣù. Ó fi ìbò jù mí lọ ní ìdìbò abẹ́lé, ṣùgbọ́n kò rí mi yọ kúrò nídìí ìdíje.

Má kọ̀ fún wọn lójú ìpàdé. Lọ bá bàbá alága wọ́ọ̀dù nílé lálẹ́, dọ̀bálẹ̀ kí wọn, sọ pé: “Bàbá, mo dúpẹ́ pé ẹ rò mí sí rere. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò jẹ́ kí orúkọ mi wà nínú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n ìpàdé ò ní ṣẹ́yìn mi.” Kí o sì dárúkọ ẹlòmíràn fún wọn kí o tó dìde, ẹni tó ń ṣòwò ara rẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ káńsù. Sọ fún bàbá pé ìwọ ni o máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé.