Tábìlì Tíì Àtijọ́: Ojúlówó Tàbí Ayédèrú?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí tábìlì tíì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ojú rẹ̀ rí róbótó ní ọjà àlòkù. Ẹni tí ó ń tà á ní iṣẹ́ Philadelphia láyé 1760 ni. Báwo ni mo ṣe lè mọ òótọ́? Ṣé kí n kùn ún ní fáníìṣì bí mo bá rà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fáníìṣì kàn án. Àwọ̀ tí ọjọ́ orí àti ọwọ́ ènìyàn ti fún igi náà wà lára ohun tí àwọn olùkójọ ń sanwó lé lórí.

Ẹ fi téèpù wọn ojú rẹ̀ ní òòró àti ní ìbú fọ́nrán igi. Igi a máa sún kì ní ìbú bí ó ti ń gbẹ, nítorí náà, bí róbótó rẹ̀ bá ṣì pé géérégé, ẹ fura.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Philadelphia kò lẹ́gbẹ́ lójú tèmi: pákó mahogany kan ṣoṣo tí ó nípọn ni wọ́n ń gbẹ́ àárín rẹ̀ wọlé, kí etí rẹ̀ tí ó ṣe kọ́lọkọ̀lọ lè yọ sókè láìsí àlẹ̀mọ́ kankan. Ní 1986, wọ́n ta ọ̀kan ní gbànjo ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn oníjìbìtì mọ èyí, wọ́n sì máa ń gbẹ́ irú etí bẹ́ẹ̀ sára pákó àtijọ́ tí kò ní ọnà. Ẹ wò ó bóyá àárín rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, tàbí bóyá ihò ìṣó abẹ́ rẹ̀ ti lu jáde sókè.