Owó ẹyọ 100 rupee ti Acharya Vidyasagar: ṣé kí n ná an ni, àbí kí n tà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Íńdíà ni mo ti ń kàwé. Onílé mi, tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn àtijọ́ kan ní Íńdíà, fún mi ní owó ẹyọ 100 rupee tí wọ́n ṣe ní ìrántí Acharya Vidyasagar, àgbà olùkọ́ ẹ̀sìn wọn tó ti kú. Ó ti ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní òun máa rà á lówó gọbọi, àmọ́ kí n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀! Jìbìtì ni. Ní 2021, báńkì àpapọ̀ Íńdíà kìlọ̀ pé àwọn kan ń fi orúkọ òun gba irú owó fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ta owó àtijọ́, àti pé òun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà yín, òun ló yẹ kó sanwó.

Ẹ má ná an. Òfin wọn ti 2011 fàyè gba owó ẹyọ tó tó 1,000 rupee, àmọ́ èyí tí wọ́n ń ná lọ́jà kò ju 20 lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó fún ìjọba ló ń ta irú ti 100 yìí fún àwọn tó ń kó owó jọ, iye tí wọ́n sì ń tà á ju 100 lọ. Bí ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ pàdánù. Kò dà bíi 5 rupee ti Mahavira, olùkọ́ ńlá ẹ̀sìn Jain láyé àtijọ́, tí wọ́n ṣe ní 2001, èyí tí tọmọdé tàgbà ná.

Fàdákà inú rẹ̀ ló ń dúdú, kò sì bà á jẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi eérú, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọṣẹ ìfọyín bó o. Ó máa dán lóòótọ́, àmọ́ tí oníṣòwò bá gbé awò lé e, gbogbo ojú ibi tí ẹ ti ha á ló máa hàn, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú, torí òógùn ìka máa ń fi àmì sílẹ̀ lójú rẹ̀. Inú ike líle ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Ọ̀rá rọ́bà rírọ̀ lè mú kó yọ nǹkan àwọ̀ ewé.

Ẹ̀bùn ńlá ni onílé yín fún yín. Acharya yìí kì í wọ aṣọ, kì í fọwọ́ kan owó. Ìgbálẹ̀ ìyẹ́ ọ̀kín àti kete omi nìkan ló ń gbé kiri, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń rìnrìn àjò. Ní February 2024, ó gbààwẹ̀ títí ó fi papòdà ní ìlú Dongargarh ní Íńdíà. Ibẹ̀ náà ni mínísítà Amit Shah ti ṣí owó yìí ní ọjọ́ 6, oṣù February, 2025. Tèmi ni pé kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ tà á, ẹ kọ́kọ́ sọ fún onílé yín, ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ rà á padà. Bí kò bá rà á, ẹ gbé e lọ bá oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú páálí tí wọ́n fi dì í.