Hítà Aláìní-táǹkì: Ṣé Ó Máa Bá Màmá Mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Màmá mi ń bọ̀ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Akọ́bọ̀, n'Ìbàdàn. Orúnkún ń dùn wọ́n, omi tó gbóná dáadáa ni wọ́n sì fi ń wẹ̀ lálaalẹ́, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bàbá Ìbejì ní ká ra hítà kékeré tí kò ní táǹkì, èyí tó ń mú omi gbóná bó ṣe ń ṣàn kọjá, pé kì í jẹ iná. Ẹni tó ń tà á ní ká kàn ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi borehole la ń lò, iná wa sì máa ń lọ sílẹ̀ lálẹ́. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí ó lè gbẹ̀mí èèyàn. Irú hítà bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ kílówáàtì 3.5 ń fa áńpù 15, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà. Áńpù 13 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa lè gbé. Mo ti yọ irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ rí: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dúdú, ike rẹ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, tọ́nafíìsì ni mo fi ṣí i kúrò. Wáyà tirẹ̀ gédégbé ló gbọ́dọ̀ ní látinú bọ́ọ̀dù iná, mílímítà 4 ni èmi máa ń lò, pẹ̀lú bírékà tirẹ̀ àti èyí tó máa já fúnra rẹ̀ bí iná bá jò sínú omi. Wáyà earth náà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ lóòótọ́. Àìmọye ilé ni mo ti dé tí wọ́n kàn gé e sẹ́yìn bọ́ọ̀dù.

Ti pé kì í jẹ iná, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Iná tó ń mú lítà omi kan gbóná kò yàtọ̀, yálà táǹkì wà tàbí kò sí. Èrè aláìní-táǹkì ni pé kì í gbé omi gbígbóná kalẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lábẹ́ ṣáwà kò jẹ tó ìdajì yúníìtì. Táǹkì lítà 50 ń jẹ bíi méjì kó tó gbóná délẹ̀, bí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ sórí, ó ń jẹ lọ ni. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó Band A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, ti fò láti náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan, bó tilẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò bá Bàbá Ìbejì jà. Fún ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó dára gan-an. Omi tiwa kò tutù púpọ̀, kílówáàtì 3.5 tó o. Àwọn ọmọ wa ní London nílò 8.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nítorí omi ìgbà òtútù wọn, nítorí náà, ẹ má ṣe ní kí wọ́n fi irú tiwọn ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ni Màmá ń wẹ̀, alẹ́ náà ni iná yín ń lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí iná bá wálẹ̀ láti fọ́ltì 230 sí 160, agbára hítà kò ní tó ìdajì mọ́. Omi tó yẹ kó gbóná á kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́. Bí NEPA bá sì mú iná lọ nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lára, omi tútù ló kù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Táǹkì ní tirẹ̀, bí iná bá rẹlẹ̀, á kàn pẹ́ kó tó gbóná ni, bí iná bá sì lọ, omi rẹ̀ ṣì gbóná fún wákàtí bíi mélòó kan.

Omi borehole náà ń kó iyanrìn àti ìpẹ́pẹ́ funfun wá. Ojú ọ̀nà omi inú aláìní-táǹkì tín-ín-rín, kíá ló ń dí. Ẹ máa ṣí asẹ́ ẹnu rẹ̀ fọ̀ lóṣooṣù. Bí táǹkì omi yín lókè kò bá ga tó, omi kò ní lágbára tó láti tan hítà rárá.

Ẹ lè gbọ́ pé onígáàsì kò nílò NEPA. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn án sínú balùwẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kò ní òórùn, èèyàn lè sùn lọ níbẹ̀. Ara ògiri ìta ni àyè rẹ̀.

Nítorí náà, oní-táǹkì lítà 30 ni kí ẹ rà fún Màmá. Ẹ tan án ní bíi wákàtí méjì kí wọ́n tó wẹ̀, kí ẹ pa á bó bá ti gbóná, kí omi tútù sì kọ́kọ́ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí gbígbóná tó wọ̀ ọ́. Fáàfù kékeré tó ń kán omi lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i, òun ni kì í jẹ́ kí táǹkì bẹ́. Ti Bàbá Ìbejì lè dúró di ìgbà tí oníná bá ti wá fi mítà wọn fọ́ltì ilé yín ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ní báyìí ná, orí gáàsì ni kí ẹ ti máa gbé omi Màmá kaná, kí boiling ring má wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn láéláé.