Kí ni Dick Randolph dúró lé lórí nígbà tó ń díje sílé aṣòfin Alaska lọ́dún 1978?

Owó orí ni, pàápàá jù lọ. Randolph, ará Fairbanks tó ń ta ìṣúránsì, ti ṣe aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkà rí kó tó gba tíkẹ́ẹ̀tì Libertarian, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ yéé yọ owó orí nínú owó tó ń wọlé fún aráàlú. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn olùdìbò létí, torí láti 1977 ni epo rọ̀bì ti ń gba inú ọ̀pá láti Prudhoe Bay lọ sí Valdez, owó sì ń ya wọ àpò ìjọba. Ta ló fẹ́ máa dáwó fún ẹni tówó kún ọwọ́ rẹ̀?

Èrò ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù ò ṣàjèjì: kí ìjọba kéré, kó má sì dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Ó wọlé. Òun ni Libertarian àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tún un yàn ní 1980, ọdún tí Alaska fagi lé owó orí ọ̀hún gan-an. Ó díje fún gómìnà ní 1982, ṣùgbọ́n Bill Sheffield ló gbégbá orókè.