Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Jiná Kí Tìróò Tó Dé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. Ọmọ ọdún 63 ni mí. Ọjọ́ 9 rèé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ kataráátì, kùrukùru tó ń bo lẹ́ńsì inú ẹyinjú, fún ojú ọ̀tún mi, mo sì dúpẹ́, torí mo ti ń rí ohun tí mi ò rí láti bí ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ni pé òní ọjọ́ 12 ni ìgbéyàwó àkọ́bí mi obìnrin. Ẹni tó máa kun ojú fún wa ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọwọ́ òun fúyẹ́. Àbúrò mi ní ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Ọ̀rẹ́ mi ní oṣù kan gbáko ni. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, èmi náà ò sì rántí béèrè. Ṣé mo lè lé tìróò, kí n fi masikárà sí i, kí n sì kun orí ìpéǹpéjú mi lọ́jọ́ náà?
— Ìyá Ìyàwó

Ìdáhùn: Ìyá Ìyàwó, ẹ kú oríire o. Ojú tuntun, àna tuntun, ẹ ó fojú méjèèjì rí ayọ̀ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun kun ojú ọ̀tún yẹn lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá kà á dáadáa, ọjọ́ 21 péré ni yóò pé tí wọ́n ṣe é. Ọ̀sẹ̀ 4 ni èmi máa ń sọ fún àwọn tí mo bá tọ́jú, òun náà ni NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń sọ fún àwọn aláìsàn tiwọn: ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 4. Àwọn dókítà kan máa ń gbà á láyè kó tó tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àbúrò yín àti ti ọ̀rẹ́ yín kò fi bára mu. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Dókítà tó ṣe ojú yín ló mọ bó ṣe ń jiná, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló borí tèmi. Ẹ pè é, ẹ bi í. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rí i bi, ọ̀sẹ̀ 4 ni kí ẹ dì mú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ojú yín rèé. Dókítà lu ihò kékeré sí etí awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín milimítà 2 sí 3. Ibẹ̀ ló gbà fọ́ lẹ́ńsì àtijọ́ tó ti di kùrukùru, tó fà á jáde, tó sì ti lẹ́ńsì tuntun wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í rán ihò yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pa dé, bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n kàn ti ẹnu rẹ̀ pọ̀, tí wọn ò tíì fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Àmọ́ tí kòkòrò àrùn bá gba ibẹ̀ kọjá, inú ẹyinjú gan-an ló bọ́ sí. Kò wọ́pọ̀ rárá, kí n má dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, ó lè gba ojú lọ́wọ́ èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ wá mú masikárà tó wà nínú àpò yín jáde. Ẹ ṣí i, kí ẹ wo ẹnu ìgò náà dáadáa. Ẹ ó rí dúdú tó ti gbẹ, tó lẹ̀ mọ́ ọn yíká. Gbogbo ìgbà tí búrọ́ṣì yẹn bá kan irun ìpéǹpéjú, kòkòrò tó wà lára irun ló ń gbé padà sínú ìgò, ìgò tó ṣókùnkùn, tó lọ́rinrin, tí wọ́n á ti máa pọ̀ sí i. Èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn kí ó má baà bàjẹ́ kì í lágbára títí ayé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n jù ú nù tó bá ti pé oṣù 3 tí wọ́n ṣí i, bó tilẹ̀ ku ìdajì. Mo ti fojú ara mi rí ẹni tó tutọ́ sí búrọ́ṣì kí èyí tó gbẹ lè rọ̀. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é láé.

Ẹni tó fẹ́ kun ojú fún yín, mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ta ni búrọ́ṣì rẹ̀ ti kàn kó tó kan tiyín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?

Yíyọ rẹ̀ tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju kíkùn rẹ̀ lọ. Òru ti lẹ̀, ẹsẹ̀ ń ro yín, ẹ fẹ́ sùn, masikárà tí omi kì í ṣí sì ti lẹ̀ típẹ́típẹ́. Kí lẹ ó ṣe? Ẹ ó fi òwú ra á, ẹ ó rà á títí. Ojú tí a ní kí ẹ má fi ìka kàn, tí ẹ ń fi ike bò sùn, òun lẹ ń fi ọwọ́ tẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, kí ni kí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà? Àtíkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí kò burú, kí wọ́n ṣáà fi òwú tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí wọ́n má gbọ̀n ọ́n, kó má fò wọ ojú; kí ẹ sì dijú pa. Ẹ jẹ́ kí ètè yín gba iṣẹ́ ojú ṣe: ẹ kùn ún kó pọ́n dòò. Ẹ má ní kí wọ́n kun ojú òsì nìkan, kò ní bára mu nínú fọ́tò. Awò ojú tí férémù rẹ̀ lẹ́wà á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ọdún 22 ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹlòmíràn kí ó tó kan èmi náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 4 tèmi pé, mo jókòó síwájú dígí pẹ̀lú ìdùnnú, mo gbé ojú súnmọ́ ọn bí mo ti ń ṣe láti kékeré, torí ohun tó wà nítòsí nìkan ni mo ń rí kedere tẹ́lẹ̀. Kùrukùru ni mo rí. Lẹ́ńsì tuntun yẹn, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ohun tó wà nítòsí imú mi ti di ohun tí mo nílò awò láti rí. Díẹ̀ ló kù kí n fi búrọ́ṣì gún ẹyinjú. Dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni mo padà lò. Àwọ̀ gan-an yí padà: kataráátì máa ń fi àwọ̀ ìyeyè bo gbogbo nǹkan, nígbà tó kúrò, àwọ̀ búlúù tí mo fi ń kun ìpéǹpéjú, tí mo rò pé ó tutù lójú mi láti ọdún yìí wá, ó ń pariwo ni! Mo da á nù. Ẹ ó rí i lára tiyín náà, kì í ṣe pé ẹ ń ṣìran.

Tí ọ̀sẹ̀ 4 bá pé, tí dókítà sì gbà, ẹ ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun, títí kan búrọ́ṣì. Èyí tó jẹ́ ìpara sàn ju èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú lọ, torí lẹ́búlẹ́bú ń já sínú ojú. Èyí tó ń dán yinrinyinrin, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má lé tìróò sí bèbè inú, níbi tí ìpéǹpéjú ti ń kan ẹyinjú. Ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí òróró ojú ń gbà jáde wà níbẹ̀, tìróò á dí i, bẹ́ẹ̀ ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sábà máa ń gbẹ fún oṣù mélòó kan. Tìróò tí wọ́n lọ̀ láti ara òkúta, òjé wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Mi ò gbà á fún ojú kankan, èyí tí wọ́n ṣe àti èyí tí wọn ò ṣe. Tí wọ́n bá sì wá ṣe ojú òsì yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ kìíní.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ 12 rèé tí wọ́n ṣe kataráátì fún mi. Mo fi masikárà díẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lánàá. Láti òru ni ojú náà ti pọ́n, ó ń ro mí, mi ò lè wo iná, ohun tí mo sì ń rí ti ṣú ju ti àná lọ. Oògùn ojú wo ni kí n rà?
— Mo Kábàámọ̀

Ìdáhùn: Mi ò dúró kí ìwé ìròyìn jáde kí n tó dá obìnrin yìí lóhùn. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ dé ni mo pè é, ó sì gbà kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún ẹlòmíràn.

Kò sí oògùn tí wọ́n ń rà fún èyí. Ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tó pọ́n, tó ń ro, tí ìríran rẹ̀ ń padà sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ló ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo ní kó má ra ojú náà, kó má dá oògùn tí wọ́n fún un dúró, kó gbé masikárà náà dání, kó sì sọ òótọ́ fún wọn pé òun lò ó. Ìtìjú ò sí níbẹ̀.

Èérún dúdú kan ni wọ́n bá lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, ó ti ha awọ iwájú ẹyinjú. Kò tíì sí àkóràn nínú ojú. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi kún oògùn tó ń kán, wọ́n sì ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹrin ló pè mí, ó gbé awò ìkàwé sójú, ó ń ka lẹ́tà wínníwínní ara ìgò oògùn rẹ̀ sí mi létí.