Má pa ohùn tí Monk fún "Wà bá mi gbé" tì

Àbúrò mi, o ní ohùn orin "Wà bá mi gbé" ń ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́, o sì ń béèrè bóyá kí o ṣe òmíràn fún ìjọ yín. Mo ti gba ọ̀nà yẹn rí.

Òótọ́ lo sọ. William Henry Monk, atẹdùùrù ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe ohùn náà fún ìwé orin tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1861. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Henry Francis Lyte kọ, "Abide with Me", ló ń ṣe é fún. Ní sol-fa (doh, ray, me, fah, soh, lah, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè), "Wà" àti "bá" wà lórí "me" kan náà, "mi" bọ́ sí "ray", "gbé" tó yẹ kó gòkè wá já sí "doh" nísàlẹ̀. Ó ń dún bíi "gbè", àfi bí ẹni ń bẹ Olúwa kó wá bá wa gbe orin. Ṣùgbọ́n tẹ́tí sí "alẹ́": ó gun láti "soh" lọ sí "lah", bí ẹnu wa ṣe ń pè é gẹ́lẹ́. Orí mi máa ń wú níbẹ̀.

Mo ṣe ohùn tuntun tó bá ọ̀rọ̀ mu délẹ̀délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú màmá kan, ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀, ìjọ dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọmọ olóòkú ń wojú ara wọn. Nígbà tó di ẹsẹ kejì, ìyá àgbà kan gbé ohùn ti Monk láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo ilé sì gbè é. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. Mo ti gba orin lẹ́nu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ní báyìí, mo máa ń ní kí akọrin kọ́kọ́ ka ẹsẹ náà bí ẹni ń gbàdúrà. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fa "gbé" ju bó ṣe yẹ lọ. Ìpín ohùn mẹ́rin (soprano, alto, tenor, bass) tí Monk kọ náà ni mò ń tẹ̀, mi ò fi kọ́ọ̀dù kankan kún un. Láti 1852 títí ó fi kú ní 1889 ló fi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì St Matthias, Stoke Newington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mọ ibi tí ìjọ ti ń mí.

Bó bá jẹ́ orin tó bá ohùn Yorùbá mu ló wù ọ́, wo ọ̀nà Ekundayo Phillips, atẹdùùrù Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 sí 1962: ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú, ohùn ń tẹ̀ lé e. Kọ ọ̀rọ̀ tuntun, kí o fún un ní ohùn tirẹ̀. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan.