Orílẹ̀-èdè wo lọmọ mi máa gbá tẹníìsì fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Manchester la wà. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 13, ń gbá tẹníìsì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń yá sí i. Bàbá rẹ̀ ní Nàìjíríà ló máa gbá fún, kóòṣì rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ilé ò rójú mọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Ìyá Ẹniọlá.

Ìdáhùn: Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú làálàá ọmọ. Houston lèmi wà, ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé tiwa náà rí. Ẹ wo Naomi Osaka, gbajúmọ̀ agbá-tẹníìsì. Jàpáàn ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1997; ará Jàpáàn nìyá rẹ̀, ará Haiti ni bàbá. Ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí wọ́n kó o wá sí Amẹ́ríkà, ibí ló sì ti kọ́ tẹníìsì. Síbẹ̀, láti kékeré làwọn òbí rẹ̀ ti pinnu pé Jàpáàn ló máa gbá fún. Lọ́jọ́ tó na Serena Williams ní àṣekágbá US Open 2018, ọmọ Jàpáàn ni wọ́n pè é.

Ti ikọ̀ orílẹ̀-èdè tún yàtọ̀ o. Ní Billie Jean King Cup, ìdíje tẹníìsì àwọn obìnrin láàárín orílẹ̀-èdè, tó bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 1963 (Fed Cup làwa àgbà ṣì ń pè é), olórí ikọ̀ máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á máa gba ọmọ nímọ̀ràn bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ní oṣù Kejì 2020, Osaka, tó ti gba ife ńlá méjì nígbà yẹn, lọ gbá fún Jàpáàn ní Cartagena, ní Spéìn. Sara Sorribes Tormo nà án 6-0, 6-3. Ọmọ náà sunkún. Ní oṣù Kẹrin 2024, ó tún jáde fún wọn ní Tokyo, ó sì na Yulia Putintseva ti Kazakhstan. Ibi tí tiyín náà á ti lè sunkún, kó sì tún padà síbẹ̀, ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó yàn. Ẹnu rẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu bàbá, kì í ṣe ẹnu kóòṣì.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ẹni tó bá ti gbá fún ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè kan ní Billie Jean King Cup kì í sábà rí àyè yà sí òmíràn mọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni lábẹ́ òfin, nítorí tiyín, ibi yòówù kí ẹ bí i sí. Ẹ gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sílẹ̀. Tí kóòṣì bá gbé fọ́ọ̀mù kankan wá, ẹ kà á délẹ̀ kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.